Èsì: Síkóòpù 3-9x40 àbí 6-24x50 fún ìbọn ọdẹ?

Ẹ̀gbọ́n, nínú méjèèjì tẹ́ ẹ béèrè yẹn, ẹ mú síkóòpù (awò orí ìbọn) 3-9x40 fún dádì jàre, ìyẹn èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 3 sí 9, tí gíláàsì iwájú ẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 40. Inú igbó Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ yẹn, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ẹran ní igba mítà? Igbó ti dí, ọ̀yà á kàn já síta fìrí, tí wọ́n bá wá gbójú sí 24x (ìlọ́po 24) ti èkejì, koríko nìkan ni wọ́n máa rí, gbogbo ẹ̀ á tún máa gbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ló tiẹ̀ burú jù, torí tí wọ́n bá lò ó ní 24x, tẹ́ ẹ pín 50 sí 24, fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọjú ò ju bíi mílímítà 2 lọ, àmọ́ 3-9x40 ní 6x, tẹ́ ẹ pín 40 sí 6, ju mílímítà 6 lọ dáadáa.

Ẹ má fowó ṣòfò lórí èyí tó ń tan iná pupa nínú o, gíláàsì ni kẹ́ ẹ wò, kí wọ́n kọ fully multi-coated sí i (ìyẹn ni pé wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìpele ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dáadáa bo ojú gbogbo gíláàsì ẹ̀). Tó bá jẹ́ air rifle onísípíríǹgì (ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ta ọta) ni ṣá, ẹ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, torí ó máa ń ta sẹ́yìn kó tún ta síwájú, ó lè tú síkóòpù olówó ńlá ká. Kẹ́ ẹ sì wọn irin orí ìbọn kẹ́ ẹ tó ra ríìngì (òrùka tó ń di síkóòpù mú), torí irin mílímítà 11 àti irin oríṣi Weaver ò bára wọn mu.

Láísẹ́ǹsì ìbọn dádì ṣì wà dáadáa àbí?