Ìbéèrè Yín: Máàpù àtijọ́ tó mọ etíkun tí kò mọ odò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí máàpù Áfíríkà kan tí àwọn Òyìnbó yà láyé àtijọ́. Etíkun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tòde òní mu, ṣùgbọ́n Odò Ọya ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì já sókun lọ́dọ̀ Senegal. Ṣé wọ́n kàn ń méfò ni? (Òǹkàwé yín, Ìsàlẹ̀ Èkó)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Wọ́n wọn etíkun. Ti odò ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́nu.

Òjé tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n ń jù sómi láti fi wọn bó ṣe jìn tó, ni olórí irinṣẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awọ tí wọ́n là sí méjì wà lára okùn náà níbi ẹsẹ̀ bàtà 12, aṣọ funfun níbi 30, aṣọ pupa níbi 42, kí ọwọ́ lè dá a mọ̀ lóru. Ihò wà nídìí òjé, wọ́n á ki ọ̀rá màlúù sí i. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ omi á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń gbé yanrìn wá tẹ́lẹ̀, tó wá di ẹrẹ̀ dúdú, ó ṣeé ṣe kí ẹnu odò wà nítòsí, bí igbó tilẹ̀ bò ó.

Astrolabe ni wọ́n fi ń wo bí oòrùn ṣe ga tó lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n lè mọ iye dìgírì tí àwọn fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, síhà àríwá tàbí gúúsù. Ọkọ̀ a máa mì, irinṣẹ́ náà a sì máa jù síwá sẹ́yìn. Àṣìṣe ìdajì dìgírì péré, nǹkan bíi kìlómítà 55 ni.

Etíkun tiwa gan-an ló wá le jù. Láti Àgbádárìgì dé Èkó, ó nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, méjèèjì sì wà ní nǹkan bíi dìgírì 6 àbọ̀. Astrolabe kò lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Eré tí ọkọ̀ ń sá àti wákàtí tó fi rìn ni wọ́n ń fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ ìṣàn omi òkun ń ti ọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn lábẹ́lẹ̀. Bó bá tì í ní máìlì òkun kan ní wákàtí kan, láàárín ọ̀sán kan òru kan ó ti di kìlómítà 44. Aago tí John Harrison, aṣe-aago ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tí kì í ṣìnà lójú òkun, ló wo àrùn yìí sàn; 1761 ni wọ́n tó gbé e sójú òkun dán wò.

Ní ti Ọya, ẹnu rẹ̀ pọ̀ nínú àbàtà débi pé àwọn Òyìnbó oníṣòwò rò pé odò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 1796, Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, rí i ní Ségou, ní ilẹ̀ Mali òde òní, pé ìlà-oòrùn ló ń ṣàn lọ. Ní 1830, Richard àti John Lander, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá dé Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé òkun. Àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò náà ti mọ ipa tiwọn tipẹ́.

Bí ẹ bá ń fi máàpù náà wé ti fóònù, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé àríwá sí gúúsù ju ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lọ. Ẹ má sì fi wo ẹnu ọ̀sà Èkó: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta dí ìgbì níbẹ̀ ní 1908, yanrìn abẹ́ omi a máa ṣí ọ̀nà ọkọ̀ nípò ṣáá.