Èsì: Mi ò sanra, àmọ́ ikùn mi ń yọ, ṣúgà mi sì ń gòkè. Ṣé ewu jẹjẹrẹ ọmú tó ń ti ara ọ̀rá wá kàn mí?

Ó kàn yín o, mà, bí nǹkan oṣù yín bá ti dá pátápátá. Síkéèlì tó ní ẹ ò sanra kò rí ọ̀rá inú. Ikùn tó ń yọ àti ṣúgà tó ń gòkè tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ni kẹ́ ẹ wò.

Tí ilé-ẹyin bá ti ṣíwọ́, inú ọ̀rá ara ni ẹ́sítírójìn, ìyẹn hòmóònù obìnrin, ti ń wá jù, òun ló sì ń bọ́ irú jẹjẹrẹ ọmú tó wọ́pọ̀ jù. Ínsúlínì, ìyẹn hòmóònù tó ń ṣàkóso ṣúgà, tó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, tún ń ti sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i.

Tí nǹkan oṣù bá ṣì ń wá, ọ̀rọ̀ ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi téèpù wọn ikùn yín. Tó bá ju 88 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ìyẹn ò rọ́pò àyẹ̀wò ọmú o.