Ọkọ̀ tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́ kò nílò epo bíréèkì: ọ̀rọ̀ lórí tírélà, ìdàgẹ̀rẹ́ àti jíà fíríì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ẹnjiníà. Mo ní ọkọ̀ DAF kan tó ń fa tírélà, sìmẹ́ǹtì ni ó ń kó ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bíréèkì rẹ̀ ti fẹ́ já ní ìdàgẹ̀rẹ́ Àkùngbá, Ọlọ́run ló yọ wá. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Dẹ́rẹ́bà mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan, kódà fíríì ni ó máa ń fi jíà sí bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni pé jíà kankan kò wọlé, kí ẹ́ńjìnnì lè sinmi, kí dísẹ́ẹ̀lì má sì lọ púpọ̀. Irú epo bíréèkì wo ni kí n rà tí kì í tètè gbóná?

Ìdáhùn: Ẹ má ra epo kankan. Afẹ́fẹ́ ni ìjánu, ìyẹn bíréèkì, irú ọkọ̀ yín ń lò. Bí ẹ bá rí ìkòkò epo kékeré kan ní iwájú rẹ̀, ti kílọ́ọ̀ṣì ni. Ìdáhùn sí ìṣòro yín wà nínú gbólóhùn tí ẹ fi yin dẹ́rẹ́bà yín. Kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í sọ ọ̀rọ̀ fíríì yìí fún mi bí ẹni pé ọgbọ́n àgbà ni, ó sì ti sú mi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí òun àti ẹrù rẹ̀ wọn tọ́ọ̀nù 40, bí ó bá ti orí òkè tó ga ní mítà 100 sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ kí eré rẹ̀ lé sí i, ooru tí yóò ti ara rẹ̀ jáde tó láti mú kí omi tó ju lítà 100 lọ hó. Ooru yẹn gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, ẹ́ńjìnnì ni ó ń gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì lásìkò náà, ẹ́ńjìnnì kò sì fẹ́ kí a sáré yí òun. Bí a bá ti lè fi jíà sí fíríì, láníìnì, ìyẹn awẹ́ bíréèkì tó ń họ irin láti dá ọkọ̀ dúró, àti dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin róbótó tí láníìnì ń há mọ́ nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni gbogbo rẹ̀ yóò dà lé lórí.

Irin tó bá gbóná a máa fẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù yóò fẹ̀ kúrò lára láníìnì, láníìnì náà yóò sì máa yọ̀ bí ọṣẹ, kò ní lè di irin mú mọ́. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ṣì pé, aago tó wà níwájú dẹ́rẹ́bà ń fi hàn pé ó pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Nígbà tí ó bá tutù tán, ìjánu yóò tún máa mú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì yín kò fi rí nǹkan kan, ìdí kan náà sì ni àwọn kan fi ń wá ẹni tó ṣe wọ́n nílé bàbá wọn.

Ní ti dísẹ́ẹ̀lì, òdìkejì ohun tí wọ́n sọ fún yín ni òótọ́. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà, tí dẹ́rẹ́bà sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò ti dísẹ́ẹ̀lì pa, nítorí táyà ti ń bá ẹ́ńjìnnì yí, kò nílò epo láti fi wà láàyè. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣe é, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa jó epo kí ó má baà kú, lítà 2 tàbí 3 ní wákàtí kan nínú irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan yóò sọ pé àwọn ọkọ̀ tuntun láti Yúróòpù máa ń fi ara wọn sí fíríì. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìdàgẹ̀rẹ́ tó rọra lọ nìkan, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe é, òun náà ni yóò dá jíà padà nígbà tí eré bá fẹ́ lé. Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà kò lè yá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì fi fíríì sọ̀ kalẹ̀ kò ní rọ́nà padà. Nígbà tí eré bá ti lé, jíà kékeré kò ní wọlé mọ́. Yóò máa han ni, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú lójú ọ̀nà yẹn, sítíárìn yóò wúwo, ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ fún ìjánu yóò sì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Àkùngbá kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú yunifásítì ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já lu àwọn ènìyàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tó kú. N kò sọ pé fíríì ni ó fa ìyẹn, èmi kọ́ ni mo yẹ ọkọ̀ náà wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí àwọn ènìyàn ń tajà tí ọmọléèwé sì ń rìn kì í ṣe ibi tí a ti ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò.

Kí dẹ́rẹ́bà yín yan jíà kí ó tó dé orí òkè, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti ń yí sílẹ̀. Jíà tó fi gun òkè, tàbí èyí tó kéré sí i, ni kí ó fi sọ̀. Kí ó mú eré kan, bóyá kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá ti dé orí eré yẹn, kí ó tẹ ìjánu dáadáa títí eré yóò fi fi nǹkan bíi kìlómítà 8 dín, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kí irin lè gba atẹ́gùn. Kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e láìgbé e kúrò, kí ó má sì máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ni yóò fi ìyẹn tán. Bí ọkọ̀ yín bá ní ìjánu èéfín, ìyẹn èyí tó ń dí ọ̀nà èéfín kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí ó lò ó, àyàfi bí òjò bá ń rọ̀ tí tírélà sì ṣófo.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ni ọkọ̀, bí ó bá jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ́kù ni ẹ fi ṣe owó ọwọ́ dẹ́rẹ́bà, ẹ yí ètò yẹn padà.

N kò rí ọkọ̀ yín, nítorí náà ẹ má ṣe fi ìwé yìí rọ́pò àyẹ̀wò. Láníìnì tó ti jóná ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó mọ ìjánu afẹ́fẹ́ sì wọn bí ọ̀pá ìjánu, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì, ti ń jáde tó ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti tírélà pẹ̀lú. Kí ẹ fúnra yín sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn sílíńdà ìjánu tó ní sípíríǹgì nínú, èyí tó yẹ kí ó dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tán. Bí ẹ bá bá bọ́ọ̀tù gígùn kan tó yọ jáde níbẹ̀, ẹnìkan ti dè é pa kí ọkọ̀ má baà máa há mọ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ náà má kúrò ní gáréèjì títí wọn yóò fi tú u.