256 odù Ifá àti 256 inú ìmọ̀ físíìsì: ǹjẹ́ ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní?

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Fásitì Ìbàdàn béèrè ìdí tí odù Ifá fi jẹ́ 256, àti bóyá ó bá 256 tí òun kà nínú string theory tan, ìyẹn èrò físíìsì pé okùn tíńtín ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé brane tí ó bá dá ìdajì supersymmetry sí (a ó túmọ̀ méjèèjì níwájú) máa ń ní ipò 256, ìyẹn ọ̀nà 256 tí ó lè gbà wà. Bàbá rẹ̀ àgbà, tí í ṣe babaláwo, ti sọ fún un pé irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ èèṣì. Lójú tèmi, bàbá náà jàre díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n rò.

Awẹ́ mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bí babaláwo bá dà á sílẹ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí inú sókè, kí ó gba ilà kan, tàbí kí ó dojú bolẹ̀, kí ó gba ilà méjì. Apá kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jáde ní ọ̀nà 16, apá méjèèjì sì lè jáde ní ọ̀nà 16 lọ́nà 16, èyí tí í ṣe 256. Níbi tí apá méjèèjì bá ti jọra ni a ti ń rí ojú odù 16, títí kan Ọ̀ṣẹ́ Méjì tí àwa ará Ìbàdàn máa ń so mọ́ ìtẹ̀dó ìlú wa; 240 yòókù ni àmúlù. Bí wọ́n bá sì fi ikin dá a, ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn.

Ó wá ku ti físíìsì. Supersymmetry ni èrò pé gbogbo bósónì (irú ègé tíńtín bí èyí tí ó para pọ̀ di ìmọ́lẹ̀) ni ó ní fẹ́míónì (irú bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) tí í ṣe ìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fẹ́míónì sì ní bósónì tirẹ̀. Nínú string theory oríṣi kejì, 32 ni àwọn supercharge tí ń sọ ọ̀kan di èkejì. Brane ni ohun tí ó lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo bí àmì tóótó, tí ó lè gùn, tí ó sì lè tẹ́ pẹrẹsẹ, tí orí okùn lè so mọ́. Ní 1995, onímọ̀ físíìsì Joseph Polchinski fi hàn pé irú brane bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní D-brane, ní charge tirẹ̀ (ohun kan tí ó jọ charge iná mànàmáná), ó sì ń dá supercharge 16 sí. Àwọn 16 tí kò dá sí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: wọn a so pọ̀ ní méjì-méjì di mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà sì lè ti ṣiṣẹ́ tàbí kí ó má ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ipò 256 ti D0-brane, èyí tí ó jẹ́ ojú kan, ti wá. Ká ní kò dá ọ̀kankan sí ni, ipò náà ìbá di 65,536.

Irú ipò tí ó dá supersymmetry sí báyìí ni wọ́n ń pè ní BPS, láti inú orúkọ Bogomolny, Prasad àti Sommerfield. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó kéré jù lọ tí charge rẹ̀ lè gbà, nítorí náà ó ṣòro kí iye ipò rẹ̀ yí padà bí agbára tí àwọn okùn fi ń nípa lórí ara wọn bá ń pọ̀ sí i. Èyí ni àwọn onímọ̀ físíìsì Andrew Strominger àti Cumrun Vafa gbára lé ní 1996 láti ka àwọn ipò ihò dúdú (black hole) kan, ohun tí òòfà rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀. (Kí bàbá àgbà má baà yọ̀ jù, ẹ̀rọ ńlá tí ó wà nítòsí Geneva, tí wọ́n fi ń mú àwọn ègé tíńtín kọ lu ara wọn, kò tíì rí ẹ̀rí supersymmetry kankan.)

Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, nígbà náà, ni yíyàn ẹlẹ́ẹ̀mejì tí a ṣe ní ìgbà mẹ́jọ. Nínú 256 ti físíìsì, 128 jẹ́ bósónì, 128 jẹ́ fẹ́míónì, bí iye àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ bá ṣe é pín sí méjì tàbí tí kò bá ṣe é pín. A lè fi ọgbọ́n kan náà pín odù: kí a ka awẹ́ tí ó gba ilà kan. Ojú odù 16 yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pátápátá, nítorí pé ọ̀tún àti òsì wọn jọra. Ṣùgbọ́n Ifá kò pín odù bẹ́ẹ̀. Èwo ló ṣàgbà èwo, àti ẹsẹ wo nínú odù tí ó jáde ni ó bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wá dá Ifá mu, ni babaláwo ń wò.