Lórí kápúsù tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ tuntun hù

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra kápúsù tí wọ́n ní yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì tuntun hù nínú ọpọlọ wọn, nígbà tí ó ti pé oṣù méje tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, tí ọwọ́ ọ̀tún wọn kò sì tíì bọ̀ sípò. Mo ti ra irú rẹ̀ rí. Ní Kubwa, lẹ́bàá Abuja, ni rọpárọsẹ̀ ti kọ lu èmi náà lọ́dún 2017, bí mo ṣe ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa ló kọ́kọ́ pariwo pé shanyewar barin jiki ni, orúkọ tí wọ́n ń pe rọpárọsẹ̀.

Ẹni tó ń tà á fún yín kò parọ́ tán. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Lund ní Sweden fi hàn pé, lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọpọlọ eku a máa bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, àwọn wọ̀nyí a sì rìn lọ síbi tó bàjẹ́. Ibi tí àwọn olóògùn kì í kà dé ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí àwọn tó yè kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí rọpárọsẹ̀ náà pa. Eku sì nìyẹn. Ní ti ènìyàn, ní 2018 nìkan, ikọ̀ kan sọ pé àwọn kò rí sẹ́ẹ̀lì tuntun kankan ní apá ọpọlọ àgbàlagbà tó wà fún ìrántí, ikọ̀ mìíràn sì ní àwọn rí i.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù nínú ọpọlọ ló ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó kú, bí ìgbà tí ẹni tó ń dáná fún agboolé bá kú, tí àwọn tó kù sì ń fi ọbẹ̀ jíjóná kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, fi ìbọ̀sẹ̀ di ọwọ́ òsì mi tí àìsàn kò mú, ó gbé tíréè ẹ̀wà síwájú mi, ó ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa òkúta inú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òkúta mẹ́ta péré ni mo rí ṣà ní wákàtí kan, òógùn sì bò mí bí ẹni tó gun òkè Zuma. Oṣù kẹrìnlá ni mo tó dá bọ́tìnì ẹ̀wù mi dè, nítorí náà, oṣù méje kò tíì pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń yára padà jù.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé, kí n lè rí owó kápúsù náà san, mo dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fún oṣù méjì, títí ìfúnpá mi fi wọ 190 lórí 110. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò. Bí Màmá bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ kò gbọdọ̀ da ohunkóhun pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà.

Ẹ fi owó náà pe físíò wá sílé. Bí ìka wọn bá ti ń mira díẹ̀, ẹ gbé tíréè ẹ̀wà síwájú wọn ní àárọ̀, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn ṣà á.