Ṣé owó ìjọba lè dín ebi àti òṣì àwọn ọmọdé kù lóòótọ́?

Ó lè dín in kù dáadáa. Amẹ́ríkà ti dán an wò. Láti oṣù keje sí oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba ń fi owó ránṣẹ́ sáwọn òbí lóṣooṣù: dọ́là 300 lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, 250 lórí èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ní ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 9 ń gba 550, kódà bí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rà. Lọ́dún yẹn, ọmọdé tó wà nínú òṣì já wálẹ̀ sí 5.2 nínú 100. Owó dáwọ́ dúró. Ní 2022, ó ti fò sókè sí 12.4.

Ta ló dá a dúró? Nígbà náà, ìbò 50 sí 50 ni ẹgbẹ́ Dẹ́mókírátì àti ẹgbẹ́ Rẹpọ́blíkà ní ní Sẹ́nétì, àwọn Rẹpọ́blíkà ò fẹ́ ẹ, sẹ́nétọ̀ Joe Manchin tó jẹ́ Dẹ́mókírátì nígbà yẹn náà sì yarí. Ariwo tó tẹ̀ lé e ò tó nǹkan. Lójú tèmi, ká ní owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, ìlú ò ní gbà; ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dìbò, òbí tó ń sáré àtijẹ ò sì ráyè lọ yọ sẹ́nétọ̀ lẹ́nu.