Ta ló tọ́jú ìtàn Gilgamesh?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ti ilé ìwé dé lánàá ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó ní wọ́n kọ́ àwọn nípa ọba kan tó ń jẹ́ Gilgamesh, pé ìtàn rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó kọ Bíbélì. Ó wá bi mí pé: "Mọ́mì, kò sí bébà nígbà yẹn, ta ló wá tọ́jú rẹ̀?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, mà. Ẹ sọ fún un pé iná ló tọ́jú rẹ̀.

Ara amọ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí ní Mesopotamia, ilẹ̀ tó di Ìráàkì lónìí. Wọ́n á mọ amọ̀ tútù pẹlẹbẹ bíi wàláà, wọ́n á fi ifefe tẹ àmì sí i lára. Ashurbanipal, ọba ilẹ̀ Ásíríà níbẹ̀, kó irú wàláà bẹ́ẹ̀ jọ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún sí Ninefe, ìlú tí Ọlọ́run rán Jona sí yẹn. Ìtàn Gilgamesh wà níbẹ̀, wàláà 12 ló gbà. Lọ́dún 612 kí a tó bí Jésù, ọ̀tá ya wọ Ninefe, wọ́n dáná sun ún. Ká ní bébà ni, eérú ni ì bá dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò wa: ìkòkò tí kò tíì wọ iná, omi á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà, èyí tí iná bá sun dáadáa ló ń tọ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iná sun àwọn wàláà yẹn, tí ilẹ̀ sì bò wọ́n, títí kò fi sẹ́ni tó lè kà wọ́n mọ́ láyé.

Ní nǹkan bí ọdún 1850 ni Layard, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Hormuzd Rassam, ọmọ bíbí Mosul ní Ìráàkì, hú wọn jáde, wọ́n sì kó wọn wá sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. George Smith, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló ka èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu, lọ́dún 1872. Ọmọ ọdún 14 ló ti kúrò nílé ìwé. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìwé kíkà yẹn. Ohun tó rí ni ìkún omi, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sórí òkè, ẹyẹlé tó padà nítorí kò ríbi bà lé, àti ẹyẹ ìwò tí kò padà. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 8, kí ọmọ yín fi wé e.

Ẹ mú un lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì ibẹ̀. Wàláà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ sì ti kán. A ò tíì rí gbogbo ìtàn náà o. Lọ́dún 2011, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Sulaymaniyah ní Ìráàkì ra àfọ́kù irú wàláà bẹ́ẹ̀ kan. Ara rẹ̀ la ti kà á pé ọ̀bọ ń ké nínú igbó kédárì tí Gilgamesh wọ̀. Ẹ má gbàgbé ọ̀bọ yẹn tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ fún un.